O Ò Sí Ńlé Lọ́sẹ̀ Yẹn

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi, gbogbo ọmọ Yorùbá tó ń gbé lẹ́yìn odi, yálà òkè òkun ni o àbí òkè ọya níbí. Kubwa ni mo wà, ní Abuja, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò lẹ ń gbọ́ yẹn, ẹ ṣáà fara mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí ti wà nínú mi láti 2023, pé kí ló ń mú kéèyàn dìbò báyìí tí ẹlòmíì á dìbò bọ́hùn-ún, kí ló sì ń yí èèyàn lọ́kàn padà. Tẹ́lẹ̀, mo rò pé àlàyé ni. Pé tó o bá ṣàlàyé fẹ́ni kan dáadáa, tó o kó ẹ̀rí kalẹ̀ níwájú ẹ̀, á gbà. Mi ò rò bẹ́ẹ̀ mọ́.

Télọ̀ ni bàbá mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, Onítẹ̀bọmi tó ń kọrin ní kúáyà. Tudun Wada ní Kaduna ni ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ wà, igi dongoyaro ńlá kan wà níwájú ẹ̀, abẹ́ igi yẹn làwọn èèyàn sá oòrùn sí ní June 12, 1993, nígbà tí wọ́n ń dúró kó kàn wọ́n láti dìbò, ọmọ ọdún 11 ni mí, èmi ni mò ń bu omi fún wọn. Abiola ni bàbá mi dìbò fún. Mùsùlùmí ni Abiola, mùsùlùmí ni Kingibe igbákejì ẹ̀ tó wá láti Borno, mi ò gbọ́ kẹ́nikẹ́ni nílé wa tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì wa sọ pé ìyẹn jẹ́ nǹkan kan. Ohun tó ń ba bàbá mi lẹ́rù ni pé àwọn Hausa ò ní dìbò fún Yorùbá. Ìgbà tá a wá gbọ́ pé Abiola ló mú Kano, Kano tí Bashir Tofa tó ń bá a du ipò ti wá o, bàbá gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀, ó rìn lọ bá Alhaji tó ń ta ẹran lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, kò sọ̀rọ̀ kankan. Nígbà tí Babangida wá fagi lé e, bàbá bínú títí, àmọ́ kò bínú sí Alhaji, torí ìbò Alhaji náà wà nínú ohun tí wọ́n dà nù.

1999 ńkọ́? Ọbásanjọ́ àti Falae, Yorùbá làwọn méjèèjì. Nílé lọ́hùn-ún, ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, Falae ni wọ́n tẹ̀ka fún. Bàbá mi ní Kaduna, Ọbásanjọ́ ló tẹ̀ka fún. Ó lọ sílé nígbà Àjíǹde, àwọn àbúrò ẹ̀ ní ó ti di Gàmbàrí. Ó ní, "Ẹ̀yin wà nílé yín. Tí nǹkan bá dàrú lọ́la, ṣọ́ọ̀bù ta ni wọ́n máa kọ́kọ́ wá bá?" Ó fẹ́ ẹni táwọn tó yí i ká á lè gbà. Ìbẹ̀rù ló fi dìbò, mi ò sì sọ ọ́ láti bú u, ọmọ mẹ́rin ló ní, àti máṣíìnì mẹ́ta.

Ìbẹ̀rù yẹn náà ò gbà á sílẹ̀. Oṣù kejì ọdún 2000, ìjà Sharia bẹ́ sílẹ̀ ní Kaduna. Èmi ti wà ní skúùlù ní Ìlọrin. Wọ́n jó ṣọ́ọ̀bù yẹn kanlẹ̀, bàbá àti ìyá mi àti Àǹtí mi, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, sá kọjá odò lọ sí Sabon Tasha. Tẹ́lẹ̀, tí wọ́n bá bi ẹ́ ní Tudun Wada, wọ́n á ní ṣé Bayarabe ni ẹ́, ìyẹn ọmọ Yorùbá. Lọ́sẹ̀ yẹn, ẹ̀sìn ẹ ni wọ́n ń bi ẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìlú yẹn pín, mùsùlùmí kó lọ sápá àríwá odò, Kìrìsìtẹ́nì kó lọ sápá gúúsù, bó ṣe wà títí dòní nìyẹn, èyí tó pọ̀ jù.

Ó wá di 2023, Tinubu àti Shettima. Mo pe Àǹtí mi, mo ní ẹ jẹ́ ká dìbò fún ọmọ wa, wọ́n ní àwọn ò lè dìbò fún mùsùlùmí méjì. Ha! Mo rojọ́ lọ́jọ́ yẹn, mo fi voice note ránṣẹ́, òmíì gùn tó ìṣẹ́jú mẹ́jọ, mo ní pásítọ̀ yín ló fi sí yín lórí. Mo wá mú èyí tí mo rò pé ó máa parí ẹ̀ jáde, mo ní ṣebí bàbá wa dìbò fún mùsùlùmí méjì ní 1993, tí wọ́n tún ń kọrin ní kúáyà.

Wọ́n dákẹ́. Wọ́n wá ní, "O ò sí ńlé lọ́sẹ̀ yẹn."

Ọjọ́ yẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ fún mi, lẹ́yìn ọdún 23, pé téèpù tí bàbá fi ń wọn aṣọ ló wà lọ́rùn àwọn nígbà tí wọ́n ń sá, bàbá ló fi kọ́ wọn lọ́rùn láàárọ̀ torí pé wọ́n ń bá wọn gé aṣọ, wọn ò sì mọ̀ pé ó ṣì wà níbẹ̀ títí wọ́n fi sọdá afárá.

Mo ṣì dìbò fún Tinubu, ẹ jẹ́ kí n sòótọ́, Obi ló mú Abuja níbí. Àmọ́ mi ò tún sọ̀rọ̀ pásítọ̀ mọ́. Mo wá bi ara mi pé èmi ńkọ́, níbo ni tèmi ti wá? Ìlọrin ni mo ti dàgbà sí okùnrin, Yorùbá ló yí mi ká, mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì ń jẹ nínú abọ́ kan náà, kò sẹ́ni tó lé mi rí, ìdí nìyẹn tí "ọmọ wa" fi tó mi dìbò. Mo ń pè é ní ọgbọ́n. Ibi tí mo wà ni.

Oṣù tó kọjá mo gba Kaduna kọjá, mo yà sí Tudun Wada. Ọmọkùnrin kan ló ń ṣe POS níbi tí ṣọ́ọ̀bù wa wà. Mo ya fọ́tò, mo fi ránṣẹ́ sí Àǹtí mi, tí wọn ò tẹ ibẹ̀ láti ọjọ́ yẹn. Ó pẹ́ kí wọ́n tó dáhùn. Nǹkan kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí, pé dongoyaro yẹn ṣì wà?

Mo padà sẹ́yìn díẹ̀ kó lè wọ inú fọ́tò, mo tún un yà.