Ta Ló Ṣàwárí Èsìẹ́?

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ará Èsìẹ́, ìlú Ìgbómìnà kan ní Ìpínlẹ̀ Kwara, sọ nínú gbọ̀ngàn rèé. Mo tún un tò díẹ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ ò sí níbẹ̀, àmọ́ mo fi ìbéèrè tó yí ọ̀rọ̀ náà padà sílẹ̀ bó ṣe wáyé.)

Mo kí Kábíyèsí, kí adé pẹ́ lórí. Mo kí ẹ̀yin ìjòyè, ẹ̀yin ìyálọ́jà, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri nítorí àga ò kárí. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìtàn Èsìẹ́ àti ìgbé ayé àwọn èèyàn ibẹ̀. Ibi tó ti ń dùn mí jù ni mo fẹ́ gbà wọ̀ ọ́.

Ẹni tó bá ń ka ìtàn ìlú yìí nínú ìwé, ohun kan náà ló máa ń kọ́kọ́ bá pàdé: pé lọ́dún 1933, òyìnbó kan tó ń jẹ́ Ramshaw, alábòójútó ilé-ẹ̀kọ́ fún CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ìjọ Áńgílíkà, ṣàwárí àwọn ère òkúta Èsìẹ́. Ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ yẹn yẹ̀ wò. Ohun tó bá sọnù lèèyàn ń wá kiri kó tó rí i. Ọwọ́ ta ni ère wọ̀nyí ti sọnù? Kí Ramshaw tó gbọ́ orúkọ Èsìẹ́ rárá, Àwòrò ti ń bọ wọ́n. Ọdún ère ti ń wáyé. Ìyá tó ń wá ọmọ ti ń lọ kúnlẹ̀ níbẹ̀, ó ti ń bí, ó sì ti ń padà wá san ẹ̀jẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó síhìn-ín mọ orúkọ ọdẹ tí ìtàn ìlú sọ pé ó kọ́kọ́ kan ère nínú igbó, mi ò ní fi àkókò ṣòfò lórí rẹ̀. Ọdẹ yẹn ńkọ́? Ojú tirẹ̀ kì í ṣe ojú ni?

Ramshaw ròyìn ohun tó rí fún ìjọba, ó sì ṣe dáadáa. Bí kò bá ròyìn, bóyá ọ̀pọ̀ nínú wọn ì bá ti fọ́ sí wẹ́wẹ́. Ṣùgbọ́n ìròyìn kì í ṣe àwárí. Ẹni tó bá wọ ilé yín lónìí, tó sì lọ sọ fún ìlú kejì pé ẹ ní bàbá àgbà kan nínú yàrá, ṣé òun ló bí bàbá yẹn?

Àtìgbà tí mo ti ń kọ́ni ni mo ti ń bá àwọn èèyàn jà lórí ọ̀rọ̀ yìí, mi ò sì tíì dákẹ́. Ìlú kì í bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí àlejò dé ibẹ̀.

Ẹ bá mi wo ọ̀kan péré nínú àwọn ère náà, nítorí wọ́n lé ní 800, bí èèyàn bá sì ń wò wọ́n pọ̀, kò ní rí ọ̀kankan. Ó jókòó sórí àpótí roboto, ẹ̀yìn rẹ̀ dúró gbọnrangandan. Ó di àdá mú, ó gbé ẹnu àdá náà lé èjìká ọ̀tún. Ìlẹ̀kẹ̀ yí ọrùn rẹ̀ ká. Ilà wà lójú rẹ̀. Irun orí rẹ̀ ga sókè ṣóńṣó, ẹni tó sì gbẹ́ ẹ fara balẹ̀ la irun yẹn ní ẹsẹẹsẹ bí onídìrí ṣe ń fi òòyà là á. Òkúta rẹ̀ rọ̀, ó ń yọ̀ bí ọṣẹ, èékánná lè ha á. Ọrùn rẹ̀ ti kán rí, wọ́n tún un so pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ti ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ wojú rẹ̀ dáadáa. Kì í ṣe ojú ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni wá ṣàwárí òun.

Àwọn onímọ̀ tó yẹ ọjọ́ orí amọ̀ tí wọ́n hú níbẹ̀ wò fojú bù ú sí nǹkan bí ọdún 1100 Sànmánì Kristẹni. Ẹni tó gbẹ́ wọn ni àríyànjiyàn pọ̀ lé lórí. Àwọn kan na ìka sí Ifẹ̀, àwọn kan sí Tápà, àwọn kan sí Ọ̀yọ́. Phillips Stevens, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, gbé ọ̀rọ̀ wọn yẹ̀ wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde lọ́dún 1978, síbẹ̀ àríyànjiyàn náà ò tán.

Ibi tí inú mi ti ń ru sókè nìyí. Àwọn kan wà tí wọ́n máa ń sọ pé ìtàn àtẹnudẹ́nu irọ́ ni, pé kálukú ń fi bàbá tirẹ̀ yangàn ni. Kí wọ́n wá sí Èsìẹ́. Kí ni ìtàn tiwa sọ? Ó ní àwọn àlejò kan wá kí Ẹlẹ́sìẹ́, ọba ìlú wa, inú bí wọn, wọ́n sì di òkúta. Ìtàn mìíràn nínú tiwa ní àwọn baba ńlá wa bá òkúta wọ̀nyí nílẹ̀ ni. Ẹ gbọ́ ohun tí ìlú yìí ń wí! Ìlú tó bá fẹ́ parọ́ ì bá ti sọ pé baba òun ló gbẹ́ wọn, ta ni ì bá já a? Èsìẹ́ ò sọ bẹ́ẹ̀. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún ló fi ṣọ́ ohun tí kò pè ní iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Bí ẹlẹ́rìí kan bá dé kóòtù, tó jẹ́rìí tí kò gbè é, adájọ́ á gbà á gbọ́. Kí ló dé tí a kì í gba àgbà gbọ́?

Lọ́dún 1945, wọ́n ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sí Èsìẹ́. Òun ni àkọ́kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà. Kì í ṣe Èkó, kì í ṣe Ìbàdàn. Ti Jos, tí gbogbo èèyàn mọ̀, ọdún 1952 ni wọ́n ṣí i. Bí ẹ bá bi ọmọ iléèwé tó wà ní Ìlọrin, tí kò jìnnà síbí rárá, ẹ gbọ́ ohun tó máa dá yín lóhùn.

(Alága fi ọwọ́ hàn mí pé àkókò ń lọ. Ohun tó kù, mo fi ìkánjú sọ ọ́.)

Ti ogun: ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ìlọrin ń kó wa lápá kan, Ìbàdàn ń kó wa lápá kejì, àwa Ìgbómìnà sì bá Èkìtì Parapọ̀ lọ bá Ìbàdàn ja ogun Kírìjì, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1877 tí àwọn jagunjagun ò sì tú ká pátápátá àfi lọ́dún 1893. Gbogbo ìlú tó wà láàárín ogun méjì ló ń ṣí kiri, tó ń gba ìsáǹsá mọ́ra. Ìdí nìyẹn tí agbolé kan fi lè ní oríkì mẹ́ta tí kò jọra.

Ti ilé-ẹ̀kọ́: èyí ni wọn kì í sọ tó. Nígbà tí Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ló wà fún. Àwa ńkọ́? Ẹkùn Àríwá ni ìjọba kà wá mọ́. Ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, Ìgbómìnà bíi tiwa, èdè kan náà, egúngún Ẹlẹ́wẹ̀ kan náà, ń kàwé lọ́fẹ̀ẹ́. Ọmọ tibí ń sanwó. Àwọn èèyàn wa bẹ ìgbìmọ̀ Willink, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán wá gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn àwọn ẹ̀yà kéékèèké, pé kí wọ́n dá wa padà sọ́dọ̀ àwọn ará wa, lọ́dún 1958 ìgbìmọ̀ náà ní ààlà ò ní yẹ̀. Ó di oṣù kẹsàn-án ọdún 1976 kí ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ tó kárí orílẹ̀-èdè. Láàárín ọdún mọ́kànlélógún yẹn, ìlú ló dáwó, ìlú ló kọ́lé-ẹ̀kọ́. Ẹnikẹ́ni ò wá ṣàwárí ìyẹn.

Mo fẹ́ bọ́ sórí oko àti àáró nígbà tí ìyá kan dìde lápá òsì. Kò dúró kí wọ́n gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ní:

“Ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Látàárọ̀ lo ti ń bá òyìnbó jà pé kò ṣàwárí wa. Ó dáa. Ìwọ náà, ta lo dárúkọ nínú wa? Ọdẹ. Ọba. Àwòrò. Jagunjagun. O ní ìlú ló kọ́lé-ẹ̀kọ́. Ta ló pọn omi tí wọ́n fi po amọ̀?”

Gbọ̀ngàn dákẹ́. Mo ní, “Ìyá, ẹ ṣeun. Ẹ dákun, ẹ má tíì jókòó.” Mo pa ìwé tó wà níwájú mi dé, nítorí kò sí ìdáhùn ìbéèrè yẹn nínú rẹ̀.

Ohun tí mo mọ̀ ni mo sọ. Mo ní ẹni tó mọ oríkì agbolé jù, kì í sábà jẹ́ ọmọkùnrin ilé. Ìyàwó ni. Láti ìlú mìíràn ló ti wá, bóyá Òrò, bóyá Òmù-Àràn. Kò mọ ẹnì kan nínú ilé lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọlé. Kò gbọdọ̀ pe orúkọ ọmọ ọkọ, nítorí náà ó ń wá orúkọ fún wọn. Ó ń jí kí bàbá ọkọ, ó ń ki ọkọ rẹ̀, ó ń fi oríkì rẹ ọmọ tó ń sunkún. Lẹ́yìn ogójì ọdún, bí wọ́n bá ń jà lórí ilẹ̀ nínú agbolé, òun ni wọ́n ń ránṣẹ́ pè kó wá sọ ẹni tó bí ẹni. Àlejò tó dé tó sì jókòó nìyẹn. Ramshaw kọ́ ni mo yẹ kí n máa fi ìtàn ìlú yìí bẹ̀rẹ̀, ì báà jẹ́ láti bá a jà. Mo gbà bẹ́ẹ̀ níṣojú gbogbo wọn. Obìnrin sì wà láàárín àwọn ère náà, ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn. Àdá ọkùnrin ni mo lọ ń ṣàpèjúwe.

Mo wá bi ìyá náà léèrè bí wọ́n ṣe pọn omi ọ̀hún.

Ó ní ọmọdébìnrin lòun nígbà náà. Àwọn obìnrin pín ara wọn ní agbolé agbolé. Ẹgbẹ́ kan ń ru ilẹ̀, ẹgbẹ́ kan ń pọnmi láti odò, àwọn tó lóyún ń se oúnjẹ ọ̀wẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má bàa rẹ́ ẹnì kejì jẹ, igbá kan wà lẹ́nu ọ̀nà fún agbolé kọ̀ọ̀kan. Bí o bá da omi rẹ sílẹ̀, wàá ju òkúta wẹ́wẹ́ kan sínú igbá ilé yín kó o tó padà sódò. Ìrìn kan, òkúta kan. Ní ìrọ̀lẹ́, ìyálé tó dàgbà jù á ka òkúta níwájú gbogbo èèyàn, ilé tí tirẹ̀ ò bá pé á dìde láàárọ̀ kùtùkùtù ọjọ́ kejì lọ san án.

Mo bi í pé òkúta mélòó ló wà nínú igbá tiwọn lọ́jọ́ tí ògiri dé òkè.

Ó ní kí n wá sílé wá kà á. Igbá náà wà lábẹ́ ibùsùn òun.