Igi Tí Kọ̀ńdọ́ Ń Pè

(Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí mo ṣe fún àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yábàá ni mo tún kọ síbí fún ẹ̀yin tí ẹ kò ráyè wá.)

Ẹ kú ìjókòó o. Kí n tó wọ inú ọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ ká jọ ké bíi kọ̀ńdọ́ ọkọ̀ èrò: "Ìdí-Orò! Ìdí-Àràbà! Ìdí-Ìrókò!" Láti òwúrọ̀ títí di alẹ́ ni wọ́n ń pe igi ní Èkó. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ àwọn ibẹ̀ lórúkọ dúró lábẹ́ igi kan, ó sì fi igi náà júwe ọ̀nà fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Àwọn àgbà kan ní èso iṣin ló wà nínú orúkọ Muṣin. Ààfin ọba Èkó pàápàá, Ìgá Ìdúngànran, oko ata Olóyè Arómirẹ́ ni orúkọ rẹ̀ ń tọ́ka sí. Ewì ni mo ka gbogbo wọn sí, ewì olọ́rọ̀ kan péré.

Ní ilé tí mo háyà nígbà kan ní Ebúté Mẹ́ta, pèrègún tò lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó débẹ̀. Lọ́jọ́ kan onílé ní kí wọ́n hú u, kí wọ́n tẹ́ intalọ́ọ̀kì. Mo bi ọmọkùnrin tó ń hú u bóyá ó mọ orúkọ rẹ̀. Ó ní, "Ewéko ṣá ni, ẹ̀gbọ́n." Nígbà tí òjò ọdún náà dé, omi tí ilẹ̀ ń mu tẹ́lẹ̀ wá ń wọ yàrá wa.

Gbólóhùn ọmọ yẹn ni mo ṣe wà níwájú yín lónìí. Ohun tí a lè kì, ó máa ń ṣòro fún wa láti gé. Ohun tí a kò mọ orúkọ rẹ̀, "ewéko ṣá ni."

Àwọn baba wa mọ èyí. Ẹ gbọ́ ọ: "Tẹ̀tẹ̀ kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́." Ìró orúkọ ewé náà ló bí ọ̀rọ̀ ìṣe tó tẹ̀ lé e, ìdí nìyẹn tí kì í fi í kúrò létí ọmọdé. Ṣùgbọ́n ìró nìkan kọ́. Gbogbo wa là ń ṣàdúrà níbi ìsọmọlórúkọ pé ojú oró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò. Ẹni tó sọ ọ́ ti wo omi dáadáa. Gbòǹgbò ojú oró kò kan ilẹ̀, ó ń léfòó ni. Òṣíbàtà ta gbòǹgbò sínú ẹrẹ̀ nísàlẹ̀, síbẹ̀ ewé rẹ̀ tẹ́ sójú omi. Ọ̀nà méjì ni wọ́n gbà lékè! Mo fi àwòrán water hyacinth han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Yábàá, ọ̀pọ̀ wọn ní ojú oró ni. Kì í ṣe òun. Àlejò ni water hyacinth, láti Gúúsù Amẹ́ríkà. Ọdún 1984 ló gba ojú omi Àgbádárìgì wọ ọ̀dọ̀ wa, ó sì ń dí ọ̀nà mọ́ ọlọ́kọ̀ àti apẹja nígbà òjò, títí omi iyọ̀ òkun yóò fi pa á nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. À ń fi ojú oró ṣàdúrà, a kò sì dá a mọ̀ mọ́.

Ẹ má sọ pé ẹ kò ní ilẹ̀. Inú ike ọ̀dà ni odúndún tèmi wà. Ọ̀dọ̀ ìyá ẹlẹ́wé ọmọ kan ní Muṣin ni mo ti rà á, wọ́n já ẹ̀ka kan kún un fún mi, wọ́n ní, "Gbà, á tutù fún ọ." Ẹ fọwọ́ kan ewé náà lọ́sàn-án gangan, tútù ni, nítorí ó ki, omi ló wà nínú rẹ̀. Pèrègún àti akòko rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ: ẹ gé ọ̀pá kan, ẹ rì í mọ́lẹ̀ nígbà tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀, á rúwé. Oyin àti ẹyẹ kéékèèké máa ń wá sídìí òdòdó akòko.

Èmi kò kórìíra igi àjèjì. Láti Éṣíà ni mángòrò ti wá, a sì ti fún un ní Ìdí-Mángòrò. Ṣùgbọ́n igi gbọọrọ tí wọ́n ń pè ní Masquerade, tó kún iwájú ilé káàkiri, ta ló ti kì í rí?

Iṣẹ́ tí mo fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ni pé kí kálukú gbin ewé kan, kó sì kọ ìlà mẹ́rin fún un. Tèmi rèé:

Odúndún inú ike ọ̀dà,
Oòrùn Èkó ràn títí, kò rí ọ mú.
Jẹnẹrétọ̀ ń bú ramúramù lẹ́yìn ògiri,
Ìwọ fi omi sínú bí àgbà tí í fọ̀rọ̀ síkùn.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan béèrè bóyá òun lè gbin àràbà sẹ́yìn ilé àwọn ní Ṣómólú. Mo ní kó má dán an wò, gbòǹgbò rẹ̀ yóò gbé ògiri. Pápá ilé ìwé ló yẹ ẹ́. Ọjọ́ 14 oṣù Keje ni ọjọ́ igi gbíngbìn ní ìpínlẹ̀ Èkó. Tí wọ́n bá kó igi wá sí ilé ìwé yín, ẹ bi wọ́n léèrè àràbà, kí ẹ sì pè é lórúkọ.