Ẹ̀dọ̀ Ló Ń Ṣàìsàn, Kí Ló Dé Tí Iyè Fi Ń Rà?

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Àkúrẹ́ ni mo wà.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan ní Òkè-Àró, oorun ló kọ́kọ́ yí padà fún wọn. Lọ́sàn-án, wọ́n á sùn fọnfọn. Lóru, wọ́n á máa rìn káàkiri ilé. Nígbà tó yá, wọn ò rántí orúkọ ìyàwó wọn mọ́. A ní ọwọ́ ayé ni. Ọwọ́ ayé kọ́! Ẹ̀dọ̀ wọn tó ti ń ṣàìsàn tipẹ́ ni.

Ẹ wo asẹ́ ògì. Màmá mi ń sẹ́ ògì tà ní Ìsìnkàn, mi ò sì lè ṣàlàyé ẹ̀dọ̀ kí n má rántí asẹ́ wọn. Tó bá ya pẹ́nrẹ́n, èèrí bá ògì lọ nìyẹn. Kòkòrò inú ìfun ń pèsè amóníà, májèlé kan, látinú oúnjẹ wa. Ẹ̀dọ̀ tó dára ló ń sọ ọ́ di ohun tí a ń tọ̀ dànù. Tí ẹ̀dọ̀ ò bá lè ṣe é mọ́, amóníà á bá ẹ̀jẹ̀ dé ọpọlọ, sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ á máa wú. Ẹ ní kí aláìsàn nawọ́ bí ẹni ń dá mọ́tò dúró: ọwọ́ á máa já wálẹ̀, á tún gòkè, bí ìyẹ́ ẹyẹ.

Oògùn rẹ̀ ni lactulose. Ó dùn bí omi ṣúgà, ó sì ń múni yàgbẹ́. Ibí gan-an la ti máa ń ṣì í! Ẹbí á ní, "Ìgbẹ́ yìí ti pọ̀ jù, ẹ dá oògùn dúró." Ẹ jọ̀ọ́, Ẹ MÁ DÁ A DÚRÓ! Ìgbẹ́ yẹn ló ń kó amóníà jáde. Ìgbẹ́ rírọ̀, ẹ̀ẹ̀ 2 tàbí 3 lóòjọ́, òun là ń wá. MO NÍ 2 TÀBÍ 3! Tó bá di omi ṣàà, ẹ pe dókítà kó dín in kù, torí gbígbẹ tí omi ara ń gbẹ náà ń ba ọpọlọ jẹ́. Tí àìsàn náà bá tún ń padà wá, wọ́n lè fi rifaximin, oògùn tó ń pa kòkòrò inú ìfun, kún un.

Oògùn oorun ńkọ́? Rárá o! Ó lè rì wọ́n pátápátá. Ẹ má sì fi ẹyin, ẹja àti ẹ̀wà dù wọ́n. Ìmọ̀ràn àtijọ́ ni kí a máa fi dù wọ́n. Iṣan ara ń bá ẹ̀dọ̀ palẹ̀ amóníà mọ́, oúnjẹ wọ̀nyí ló sì ń gbé iṣan ró. Ẹ tún fún wọn ní ìpápánu kí wọ́n tó sùn.

Àìyàgbẹ́, àkóràn àti ẹ̀jẹ̀ tó ń ya nínú ikùn ló sábà máa ń ru ú sókè. Tí ìgbẹ́ bá dúdú bí ọ̀dà, tí wọ́n bá ń bì ẹ̀jẹ̀, tàbí tí ẹ jí wọn tí wọn ò dáhùn, ọsibítù ni o, lóru ọjọ́ yẹn gan-an. Ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́.