Ta Ló Wà Lábẹ́ Àṣẹ? Ìwé Òfin Amẹ́ríkà àti Àwọn Tó Ní Ká Kà Á Bíi Tàtijọ́

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: ọkọ̀. Nígbà tí àwọn baba ńlá wa bá ní ọkọ̀ ti gúnlẹ̀, ojú omi ni wọ́n ń wò. Lónìí, ẹni tó bá ní òun fẹ́ wọ ọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn, kò sẹ́ni tó máa rò pé odò ló fẹ́ gbà. Ká wá ní ìlú kan létí odò ní òfin láti bí igba ọdún sẹ́yìn: "Ẹni tó bá wa ọkọ̀ wọ̀lú yóò san owó bodè." Dáńfó wá dé ẹnu bodè. Ṣé kó san ni, àbí kó máa lọ? Ẹnìkan á ní àwọn tó ṣe òfin ò mọ mọ́tò, ẹ jẹ́ kí dẹ́rẹ́bà máa lọ. Ẹlòmíì á ní ẹrù tó ń wọ̀lú ni òfin ń bá wí, kí onídáńfó yáa san. Ẹnì kẹta á ní kí la ń jà sí, ṣebí kí ìgbìmọ̀ ìlú jókòó, kí wọ́n tún òfin kọ. Tí ẹ bá ti rí ìjà àwọn mẹ́ta yìí, ẹ ti rí ìdajì ohun tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n òfin Amẹ́ríkà ti ń fà mọ́ra wọn lọ́wọ́ láti ogójì ọdún ó lé.

Originalism ni wọ́n ń pe èyí tí mo fẹ́ sọ lónìí. Èmi á máa pè é ní ìtumọ̀ ìpilẹ̀ṣẹ̀. Àwọn tó dì í mú ní ohun tí ìwé òfin túmọ̀ sí lọ́jọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí i náà ló ṣì túmọ̀ sí, àfi tí ará ìlú bá gba ọ̀nà tí òfin là sílẹ̀ tún un ṣe. Ní oṣù Keje 1985, Edwin Meese, agbẹjọ́rò àgbà nínú ìjọba Ààrẹ Reagan, sọ fún ẹgbẹ́ agbẹjọ́rò pé èrò àwọn tó kọ ìwé náà ni kí adájọ́ máa tẹ̀ lé. Ní oṣù Kẹwàá ọdún yẹn kan náà, Adájọ́ William Brennan ti ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ lọ sọ̀rọ̀ ní Yunifásítì Georgetown. Kò fi bẹ́ẹ̀ fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n: ó ní ẹni tó ń sọ pé òun mọ ohun tó wà lọ́kàn àwọn tó ti kú, ìgbéraga ló wọ ẹ̀wù ìrẹ̀lẹ̀ sọ́rùn.

Ọ̀rọ̀ Brennan bà wọ́n, nítorí ó ku ẹni tí wọ́n ń sọ èrò ẹ̀. Àwọn 55 ló péjú sí Philadelphia ní 1787 láti kọ ìwé òfin náà, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn mọ́rí ṣèpàdé. Àkọsílẹ̀ tí James Madison, ọ̀kan nínú wọn, ṣe nípa ohun tí wọ́n sọ níbẹ̀ kò jáde fáráyé títí di 1840, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ti lo ọdún mẹ́rin ní sàárè. Antonin Scalia, tóun náà di adájọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, àtàwọn èèyàn rẹ̀ wá yí ẹsẹ̀ padà. Wọ́n ní ká fi ọkàn akọ̀wé sílẹ̀, ká wo bí ará ìlú tó gbọ́ èdè náà ṣe máa lóye rẹ̀ nígbà yẹn. Ní tèmi, ọgbọ́n wà níbẹ̀. Ìwé òfin náà, ní apá kẹrin, sọ̀rọ̀ nípa "domestic violence". Ẹni tó bá fi etí òde òní gbọ́ ọ á rò pé ọkọ tó ń na ìyàwó ni. Rògbòdìyàn àwọn ará ìlú ni wọ́n ń wí, irú èyí tó bẹ́ sílẹ̀ ní Massachusetts ní 1786. Tí a kò bá bi àwọn ará ìgbà náà léèrè, a ti ṣìnà nìyẹn.

Ibi tó ti wá ń di ẹ̀tẹ́ ni ìgbà tí ìbéèrè bá kúrò lórí ọ̀rọ̀ tó dé orí èèyàn. Mo mú àpẹẹrẹ kan tí ọ̀pọ̀ nínú yín ní ìdí tẹ́ ẹ fi ń tẹ́tí sí. Ní ọjọ́ ogún oṣù Kìíní 2025, Ààrẹ Trump fọwọ́ sí àṣẹ kan: ọmọ tí wọ́n bá bí sí Amẹ́ríkà kò ní jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè náà mọ́ tí ìyá rẹ̀ bá wà níbẹ̀ láìní ìwé, tàbí tó bá jẹ́ físà onígbà díẹ̀ ló fi wà níbẹ̀, tí bàbá náà kò sì jẹ́ ọmọ ilẹ̀ tàbí onígíríìnkáàdì. Ẹ mọ iye ilé Yorùbá, láti Houston dé Maryland, tí físà akẹ́kọ̀ọ́ tàbí ti iṣẹ́ wà lọ́wọ́ tọkọtaya nígbà tí oyún dé. Àwọn adájọ́ ilé ẹjọ́ kékeré dá àṣẹ náà dúró kíá, ẹjọ́ sì gòkè lọ.

Ohun tí wọ́n ń jà lé lórí kò ju ọ̀rọ̀ díẹ̀ lọ nínú Àtúnṣe Kẹrìnlá, tó di òfin ní 1868: ẹni tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà, tàbí tí wọ́n sọ di ọmọ ilẹ̀ níbẹ̀, "tó sì wà lábẹ́ àṣẹ rẹ̀", ọmọ orílẹ̀-èdè ni. Kí ni wíwà lábẹ́ àṣẹ? Ṣé pé ọlọ́pàá lè mú ọ, kí adájọ́ ibẹ̀ sì rán ọ lẹ́wọ̀n ni? Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, gbogbo àlejò wà níbẹ̀ àfi àwọn aṣojú ìjọba ilẹ̀ òkèèrè. Àbí pé kí o má ní ọba mìíràn tí ò ń foríbalẹ̀ fún?

Wọ́n gbé ìwé ìjíròrò ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà jáde. Ní ọjọ́ ọgbọ̀n oṣù Kárùn-ún 1866, Jacob Howard ti Michigan dìde ṣàlàyé àtúnṣe náà. Ó ní kò ní kan àwọn tí wọ́n bí níbẹ̀ tí wọ́n jẹ́ àjèjì, àtọ̀húnrìnwá, tí wọ́n jẹ́ ará ilé àwọn aṣojú ìjọba ilẹ̀ òkèèrè. Ẹ tún un kà. Ṣé ẹ̀yà mẹ́ta ló kà sílẹ̀, àbí ẹ̀yà kan ló fi orúkọ púpọ̀ pè? Kò sí "àti" níbẹ̀, kò sí "tàbí". Kọ́mà lásán! Lórí kọ́mà yìí ni odindi ìwé ọ̀jọ̀gbọ́n ti jókòó. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kan náà, nínú ilé kan náà, Edgar Cowan ti Pennsylvania fi ìbínú béèrè bóyá ọmọ àwọn ará Ṣáínà tó wà ní California náà á wá di ọmọ ilẹ̀. John Conness, tí wọ́n bí sí Ireland, tó ń ṣojú California, dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tó ń bẹ̀rù àtúnṣe náà àti ẹni tó ń gbè é lẹ́yìn lóye rẹ̀ bákan náà. Èmi ò mọ ẹ̀rí ìtumọ̀ ìgbà yẹn tó tún lè ju ìyẹn lọ.

Ní 1898, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ gbà bẹ́ẹ̀, adájọ́ mẹ́fà sí méjì. Ọ̀gbẹ́ni Wong Kim Ark, alásè tí wọ́n bí sí San Francisco, lọ sí Ṣáínà, ó padà dé ní 1895, wọ́n ní kò gbọdọ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. (Ọkọ̀ ojú omi, ẹ ṣé.) Ó jàre. Síbẹ̀ àwọn onípilẹ̀ṣẹ̀ ò fi ohùn ṣọ̀kan. Ọ̀jọ̀gbọ́n òfin Michael Ramsey ní ìtàn gbe ọmọ tí wọ́n bá bí síbẹ̀. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n òfin Randy Barnett àti Ilan Wurman kọ sínú ìwé ìròyìn ní oṣù Kejì 2025 pé ẹjọ́ ìjọba lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ju bí àwọn èèyàn ṣe ń sọ. Wọ́n sọ fún wa pé ọ̀nà yìí ló máa gba adájọ́ lọ́wọ́ ìfẹ́ inú ara rẹ̀. Ó dáa. Wọ́n ka ìwé kan náà, wọ́n lo ọ̀nà kan náà, wọ́n sì yà síbi tí kálukú ti ń wò tẹ́lẹ̀.

Àwọn tó fara mọ́ àṣẹ Trump ní ẹjọ́ kan tó jọ pé ó lágbára: ní 1868, kò sí ohun tó ń jẹ́ ẹni tó wọ̀lú láìgbàṣẹ, nítorí náà àwọn tó kọ òfin kò rò ó. Ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti wọ ilé wa. Láti ọjọ́ kìíní ọdún 1808 ni òfin Amẹ́ríkà ti ka kíkó ẹrú wọlé láti òkèèrè léèwọ̀. Ní 1860, ọkọ̀ Clotilda gbé bí àádọ́fà èèyàn láti Ouidah, ní ilẹ̀ Benin òde òní, lọ sí Mobile ní Alabama, púpọ̀ nínú wọn ọmọ Yorùbá. Wọ́n kó wọn wọlé lóru, wọ́n sì dáná sun ọkọ̀ náà kí ìjọba má baà rí ẹ̀rí. Tí ẹnikẹ́ni bá wọ Amẹ́ríkà láìbófin mu rí, àwọn ni. Wọ́n á ní ìyẹn yàtọ̀, tipátipá ni wọ́n fi gbé wọn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìwé òfin ò béèrè bí ìyá ṣe débẹ̀, ibi tí wọ́n bí ọmọ sí ló béèrè. Kò sì sẹ́ni tó jiyàn pé àwọn ọmọ wọn kì í ṣe ọmọ ilẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn tí Clotilda gbé ni Kossola, tí àwọn òyìnbó ń pè ní Cudjo Lewis. Ó gbé títí di 1935. Ní oṣù Kẹwàá 1868, oṣù mẹ́ta péré lẹ́yìn tí àtúnṣe náà di òfin, ó lọ sọ ara rẹ̀ di ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Àkọ́bí rẹ̀ ò ní láti lọ síbì kankan, Alabama ni wọ́n bí i sí. Aleck ni orúkọ tí ìwé fún un. Orúkọ kejì tí bàbá rẹ̀ fún un ni àwọn akọ̀wé kọ sílẹ̀ bí Iyadjemi, etí Yorùbá ò sì nílò ògbufọ̀ láti gbọ́ ọ: Ìyàjẹmí.