Bí Ẹ Ṣe Lè Ti Ibi Tí Kò Yẹ Kí Gbogbo Ọwọ́ Kàn Nínú Google Sheets

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin tí ẹ ń bójú tó ìwé owó ẹgbẹ́. Ohun tó wà lójú yín yìí ni ìwé ẹgbẹ́ àjẹṣẹ́kù ẹlẹ́ni 40 tí mo ṣe sórí Google Sheets, ìwé ìṣirò orí íńtánẹ́ẹ̀tì, fún àpẹẹrẹ. Orúkọ wà ní òpó A, nọ́ńbà ọmọ ẹgbẹ́ wà ní òpó B. Láti C dé N ni owó oṣooṣù, Ṣẹ́rẹ́ títí dé Ọ̀pẹ. Òpó O ló ń ṣírò àpapọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìlà 44 ń ṣírò ti gbogbo ẹgbẹ́. Akápò ń kọ nǹkan sí i, akọ̀wé ń kọ, àwọn tó ń gba owó ládùúgbò náà ń kọ láti orí fóònù wọn.

Ẹ wo ìlà 7 dáadáa. Ẹni yìí ti san 5,000 náírà lóṣooṣù fún oṣù 11, nítorí náà 55,000 ló wà ní O7. Ẹ jẹ́ ká ní ẹni tó gbowó fẹ́ kọ 5,000 ti oṣù Ọ̀pẹ sí N7, ọwọ́ rẹ̀ wá yẹ̀ sí O7 tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó tẹ 5,000, ó pa fóònù rẹ̀ dé. Fọ́múlà ibẹ̀, ìyẹn àṣẹ tó ń ṣírò àpapọ̀, ti pa rẹ́ nìyẹn. Kò sí ariwo, kò sí àwọ̀ pupa. 55,000 ti di 5,000, àpapọ̀ ẹgbẹ́ nísàlẹ̀ sì ti fi 50,000 dín. Bí wọn kò bá tètè rí i, ọjọ́ ìpàdé ọdún ni ẹni tó ni ìlà 7 yóò dìde bi akápò pé níbo lowó òun wọlé sí. Ohun tó ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn: wọ́n lè ba orúkọ olóòótọ́ èèyàn jẹ́ nítorí àpótí kan ṣoṣo tí wọn kò tì.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká tì í. Orí kọ̀ǹpútà ni kí ẹ ti ṣe é. Ẹ fa ọwọ́ láti O4 dé O44. Ẹ lọ sí Data lókè, ẹ tẹ Protect sheets and ranges. Ẹ tẹ Add a sheet or range, ẹ fún un lórúkọ, bóyá “Àpapọ̀”, lẹ́yìn náà ẹ tẹ Set permissions.

Ọ̀nà méjì ló máa jáde. Àkọ́kọ́ kàn ń kìlọ̀ fún ẹni tó fẹ́ kọ nǹkan síbẹ̀ ni; tó bá tẹ OK, ó ti kọjá. Ẹ má fi ìyẹn ṣọ́ owó. Ìkejì, Restrict who can edit this range, ni kí ẹ mú. Ẹ yan Custom, kí ẹ fi àmì sí orúkọ akápò àti akọ̀wé nìkan. Mo fẹ́ràn ẹni méjì ju ẹnì kan lọ, torí akápò lè rìnrìn àjò, àìsàn sì lè ṣe é.

Bí ó bá jẹ́ pé ibi tí ẹ fẹ́ ṣí ló kéré, ẹ ti gbogbo ojú ìwé náà pa: lẹ́yìn tí ẹ bá tẹ Add a sheet or range, ẹ yan Sheet dípò Range, ẹ fi àmì sí Except certain cells, kí ẹ kọ C4:N43 síbẹ̀. Àwọn tó ń gbowó á máa rí ibi iṣẹ́ wọn kọ sí, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí yóò lè yí orúkọ padà. Bí oṣù kan bá ti parí tí ẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ yọ òpó rẹ̀ kúrò nínú ibi tó ṣí.

Ẹni tó ni fáìlì ńkọ́? Kò sí bí ẹ ṣe lè tì í síta. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ yín pé kí ẹ ṣí ímeèlì tó jẹ́ ti ẹgbẹ́, kí fáìlì wà lábẹ́ rẹ̀. Ìjòyè á lọ, ìjòyè á dé. Fáìlì ẹgbẹ́ kò gbọ́dọ̀ bá ẹnikẹ́ni lọ sílé. Ẹ má sì ju líǹkì tí ẹnikẹ́ni lè fi kọ nǹkan sínú WhatsApp ẹgbẹ́. Ímeèlì kálukú ni kí ẹ fi pè é wọlé. Nínú Share, ẹ tẹ àmì jíà, kí ẹ yọ àṣẹ tó jẹ́ kí àwọn Editor, ìyẹn àwọn tó lè kọ nǹkan sí ìwé náà, máa pe ẹlòmíràn wọlé.

Ẹ gbọ́ eléyìí o. Títì kì í ṣe fífi pamọ́. Gbogbo ẹni tó lè ṣí ìwé yìí ló ń rí ibi tí ẹ tì, wọ́n tún lè dà á kọ. Nítorí náà BVN, nọ́ńbà àkáǹtì àti orúkọ àwọn onídùúró kò gbọ́dọ̀ sí níbí rárá. Ẹ ṣe fáìlì mìíràn fún wọn, kí ẹ pín in fún àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn nìkan.

Bí nọ́ńbà kan bá ti yí padà tẹ́lẹ̀, ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún máòsì tẹ àpótí náà, ẹ yan Show edit history. Ẹ ó rí ẹni tó yí i padà àti ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Kí ẹ tó pín in, ẹ pe ọ̀kan nínú àwọn tó ń gbowó, kí ó gbìyànjú láti kọ nǹkan sí O7 lórí fóònù tirẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ kọ̀ fún un. Kí ó wá kọ 5,000 sí N7. Tí O7 bá fúnra rẹ̀ di 60,000, ẹ lè fi ránṣẹ́ sí àwọn yòókù.