Ọ̀fìnkìn Tí Mo Gbé Wálé

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Èmi nìkan ni mo wà ńbí lónìí, èmi àti tíì mi tó ti tutù.

Gbogbo àárọ̀ ni Màámi máa ń fi oríkì pè mí. “Àjọkẹ́, ṣé o jí ire?” Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, wọ́n ní “Àjọ...” Ó há síbẹ̀. Wọ́n jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ọwọ́ méjèèjì lórí orúnkún, èjìká ń lọ sókè sódò. Kí “kẹ́” tó jáde, mo ti ń wá fóònù.

Ọ̀rọ̀ áńbúláǹsì, ẹ ṣáà mọ ìyẹn.

COPD, àìsàn ẹ̀dọ̀fóró ọlọ́jọ́ pípẹ́ tó ń mú kí ọ̀nà èémí fún, ló ń bá Màámi fínra. Wọn ò mu sìgá rí o! Gàrí ni wọ́n yan nídìí ààrò onígi n'Ìjẹ̀bú fún ọgbọ̀n ọdún. Èéfín yẹn ló sanwó ilé ìwé mi. Ẹ dúró ná... mo ti padà.

Nílé ìwòsàn, wọ́n ki òwú bọ imú wọn láti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní RSV ni, fáírọ́ọ̀sì kan tó máa ń ṣe bí ọ̀fìnkìn. Mo ní, “Èyí tó ń ṣe ọmọ ọwọ́?” Ọ̀nà èémí tó ti fún tẹ́lẹ̀ ló tún wú, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tún dí i. Ta ló sì gbé e wálé? Èmi tí mò ń sín, tí mò ń jó lóde ìnáwó, tí mò ń ní “ọ̀fìnkìn lásán ni.”

Ẹ̀rọ ìka tó ń wọn ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ ní 90 nínú ọgọ́rùn-ún, mo figbe ta pé kí wọ́n ṣí ọ́síjìn sí i. Nọ́ọ̀sì ní 88 sí 92 làwọn ń wá fún wọn; bó bá pọ̀ jù, afẹ́fẹ́ tó yẹ kí wọ́n mí síta lè máa kó jọ sínú ẹ̀jẹ̀. Mo jókòó jẹ́ẹ́.

Mo ń gbọ́ yín: “Àjọkẹ́ ti dòyìnbó, ó ń lé àlejò nítorí ọ̀fìnkìn.” Ẹ̀ ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà mi, ẹ ò pe ìyẹn níwà òyìnbó! Àgbo ńkọ́? Ẹ mu ún nílé yín. Antibiotic? Kì í pa fáírọ́ọ̀sì. Abẹ́rẹ́ àjẹsára RSV? Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní England, Oṣù Kẹsàn-án 2024, nínú àwọn àgbà, ẹni ọdún 75 sí 79 ni wọ́n ń fún. 71 ni Màámi. Àwa tá a máa ń gé ọjọ́ orí kù, ṣé ká wá máa bù sí i ni?

Wọ́n ti padà sílé. Bí wọ́n bá pè mí láàárọ̀ báyìí, n kì í tètè dáhùn. Mo máa ń dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, kí “kẹ́” jáde ná.