Níbo ni Ìdèré ti ń pọnmi?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, mo kí gbogbo yín. Bí a bá fẹ́ sọ ìtàn ìlú nílẹ̀ Yorùbá, ibi tí babańlá ti ṣí wá àti irú adé tí ó gbé dání la máa ń kọ́kọ́ mú. N kò kẹ́gàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n irú ìtàn bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìlú kékeré lóore. Gbólóhùn kan ni wọ́n á fi dárúkọ rẹ̀, wọ́n á sì kọjá sí Ọ̀yọ́ tàbí Ifẹ̀. Èmi fẹ́ gba ọ̀nà odò wọ Ìdèré lónìí.

Ìdèré wà lára Ìbàràpá Méje ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Àwọn mẹ́fà yòókù ni Igbó-Ọrà, Ayétẹ̀, Tápà, Ìgàngan, Èrúwà àti Láńlátẹ̀. Onídèré ni oyè ọba wọn. Títì tó ti Igbó-Ọrà lọ sí Ayétẹ̀ ló gba àárín ìlú náà, òun àti Igbó-Ọrà ló sì jọ wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Àárín Gbùngbùn Ìbàràpá. Igbó-Ọrà ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ yẹn, òun náà ni ayé mọ̀ nítorí ìbejì. Ẹni tó bá ń gbé ẹ̀gbẹ́ irú ìlú bẹ́ẹ̀, kò rọrùn kí àlejò tó rí i.

Ilẹ̀ ibẹ̀ ni kí ẹ wò dáadáa. Ọ̀dàn ni, igi kọ̀ọ̀kan nínú koríko, apáta sì yọrí káàkiri. Odò Ògùn wà ní ìhà Èrúwà, odò Ọ̀yán wà ní ìhà ìwọ̀-oòrùn, àwọn méjèèjì sì jìnnà sí ẹni tó fẹ́ fi orí ru omi wálé. Àwọn odò kéékèèké tó wà nítòsí kì í dúró de ẹ̀ẹ̀rùn. Bí òjò bá ti dáwọ́ dúró, tí ọyẹ́ dé, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Abẹ́ ilẹ̀ náà kò lawọ́, nítorí apáta ni wọ́n máa ń bá tí wọ́n bá ń gbẹ́ kànga. Ohun tí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ni pé wọ́n gbẹ́ ọ̀gọ̀dọ̀ síbi tí ilẹ̀ ti rẹlẹ̀, kí omi òjò lè dúró síbẹ̀. Èèyàn á wọ inú omi náà lọ, á sì bu ún.

Àgbẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn: iṣu, ẹ̀gẹ́, àgbàdo, àti ẹ̀gúsí tí gbogbo Ìbàràpá fi lórúkọ. Oko kò sì sí lẹ́yìnkùlé. Aba ló yí Ìdèré ká, ìdílé kan lè ní ilé nígboro kó tún ní ilé l'ábà. Iṣẹ́ oko ló ń gbé wọn lọ, ọdún, ìsìnkú àti ìgbéyàwó ló ń dá wọn padà. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ mọ bí Ìdèré ṣe tóbi tó, kó má ka òrùlé ìgboro nìkan. Aba kọ̀ọ̀kan ló sì ní ibi tó ti ń pọnmi.

Inú àwọn ọ̀gọ̀dọ̀ yìí ni sòbìà ti rí ilé. Ẹni tí kòkòrò náà ń yọ jáde lẹ́sẹ̀ rẹ̀ á wọ inú omi láti pọn ún, kòkòrò á da ọmọ rẹ̀ sínú omi, àwọn ẹ̀dá tín-ín-tìn-ìn-tín inú omi á gbé e mì, ẹlòmíràn á sì mu omi náà. Nǹkan bí ọdún kan lẹ́yìn náà ni kòkòrò tó lè gùn tó mítà kan yóò bẹ̀rẹ̀ sí í lu awọ ara jáde, níbi ẹsẹ̀ jùlọ. Wọn á máa fi igi wé e díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Bó bá já sínú, ìyọnu mìíràn dé. Kì í sábà pani, ṣùgbọ́n ó lè dá àgbẹ̀ dùbúlẹ̀ lákòókò tí iṣẹ́ oko kò gbọdọ̀ dúró. Tó bá jẹ́ ìyálé ilé ló mú, ọjà rẹ̀ dúró, ọmọ ọwọ́ rẹ̀ náà á sì mọ̀ ọ́n lára.

Àwọn olùkọ́ Yunifásítì Ìbàdàn, tí wọ́n ti ní ètò ìlera ní Igbó-Ọrà láti 1963, wá ṣe ìwádìí àrùn yìí ní Ìdèré. Wọ́n bá a pé ọ̀pọ̀ gbà pé inú ara gbogbo ènìyàn ni sòbìà wà láti ìgbà ìbí, bí iṣan. Àwọn kan máa ń fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́, n kò sì fara mọ́ ọn. Ẹ rò ó wò: omi tí o mu lọ́dún tó kọjá ló ń dùn ọ́ lẹ́sẹ̀ lónìí, ìwọ àti aládùúgbò rẹ lẹ jọ mu ún, òun ń rìn, ìwọ ò lè dìde. Ta ni yóò fi ẹ̀sùn kan omi? Àwọn baba wa tó ní kí sòbìà tó degbò, Olúgànbe là á ké sí, mọ bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀. Orísun rẹ̀ ló fara pamọ́ fún wọn.

Ẹ̀rọ omi dé Ìdèré, kò sì pẹ́ tí kò fi tó wọn lò mọ́, ni wọ́n bá padà sídìí ọ̀gọ̀dọ̀. Ohun tó wá ṣiṣẹ́ kò gbówó lórí rárá: aṣọ aláwọ̀n tí ihò rẹ̀ wẹ́, tí wọ́n fi ń sẹ́ omi kí wọ́n tó mu ún. Àwọn ará ìlú tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ ìlera ló ń tà á fún ara wọn. Àwọn aba kan gbẹ́ kànga fúnra wọn. Mo ka èyí sí ìtàn Ìdèré gan-an, bí ìtàn oyè ṣe jẹ́.

Nígbà tí wọ́n ka àwọn alárùn yìí káàkiri Nàìjíríà ní ìparí àwọn ọdún 1980, iye wọn lé ní 650,000. Ní 2008 ni wọ́n rí ẹni ìkẹyìn, ní Ìpínlẹ̀ Enugu, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì jẹ́rìí sí i ní 2013 pé àrùn náà ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Nàìjíríà. Ọmọ tí wọ́n bí ní Ìdèré lẹ́yìn náà lè má rí sòbìà láéláé. Èyí dùn mọ́ mi. Ṣùgbọ́n pé sòbìà lọ kò sọ pé omi dé. Ọ̀rọ̀ méjì ni.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ jẹ́ ọmọ Ìbàràpá, iṣẹ́ wà nílẹ̀ fún yín. Ẹ mú ìwé, ẹ tọ àwọn ìyá àgbà lọ, ẹ béèrè orúkọ ọ̀gọ̀dọ̀ kọ̀ọ̀kan: ta ló gbẹ́ ẹ, aba wo ló ń lò ó, oṣù wo ló máa ń gbẹ. Ẹ má lọ bá àwọn baálẹ̀ nìkan, obìnrin ló ń pọnmi.